Ìró tí Mo Fi Bo Aṣọ Ilé-Ìwé

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń ró ìró lé aṣọ ilé-ìwé mi kí n tó jáde nílé wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni, sítáàṣì sì mú kí ó gan débi pé ó máa ń dún lábẹ́ ìró bí mo bá ń rìn. Ìgbà náà kò ju ọdún díẹ̀ lọ kí àwọn ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1979. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti bímọ, mo sì ti ń ta kẹrosíìnì láti ìgbà tí ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé mọ́dà ti já mi kulẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìdánwò kọ́ ló já mi kulẹ̀, èmi ni mo fìdí rẹmi. Ìṣirò ni kò yé mi.

Nígbà tí ìjọba ń wá tísà kiri, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan ní Adó gbà mí. Inú ọkọ mi dùn. Ní tèmi, mi ò fẹ́ kí àwọn oníbàárà mi rí mi nínú aṣọ ọmọdé. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà, n ó sì bọ́ ìró náà lábẹ́ igi máńgòrò nítòsí géètì ilé-ìwé. Ọ̀nà yẹn jìn, ìṣirò ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Bí mo ṣe ń sá fún ojú àwọn èèyàn ni mo ń pàdánù ìṣirò.

Bí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń kàwé á ní, "Màmá Kíláàsì, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé Bàbá ti jẹun?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì yára lọ jókòó. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ìṣirò, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí, dúró tì mí. Ó ní, "Mà, bí ẹ bá tún pẹ́ dé, màá ní kí ẹ máa lọ sílé ni." Mà tó pè mí yẹn ló dùn mí jù. Mo pinnu pé mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi dé láti Ìgèdè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ ilé-ìwé kí ọkọ mi má bàa bi mí léèrè, mo ró ìró lé e, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá jáde sí mi.

"Ìyàwó, aṣọ yẹn dọ̀tí ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó ya?"

"Kò ya, mà."

"Kí lo wá ń bò?"

Mo sọ fún wọn pé ojú ń tì mí.

"Ulé-ùwé lò ń lọ, o ò lọ jalè," ni wọ́n wí, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe ilé-ìwé. "Gbogbo ọjà Ìgèdè ni mo ti sọ fún pé ìyàwó mi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ ni?" Wọ́n na ọwọ́. "Mú ìró yẹn wá. Ó wù mí."

Mo bọ́ ọ fún wọn. Títì ni mo gbà, tí mo ń wolẹ̀. Oníbàárà mi kan pè mí láti ìsọ̀ rẹ̀: "Ìyá Oníkẹrosíìnì, àwọn ọmọ ni wọ́n ń lọ síléèwé àbí ẹ̀yin?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Omi lé sí mi lójú, ṣùgbọ́n mo tètè dé, mo sì bá ìṣirò lójú pátákó.

Ìtìjú náà kò tán lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, Ìyá wá, ìró mi ni wọ́n sì ró. Mo fi àwàdà béèrè ìgbà tí wọn yóò dá a padà fún mi.

"Ṣé o tún ti rí nǹkan tí o fẹ́ bò ni?"

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà báyìí. Nígbà tí Ìyá kú, àwọn ẹbí mú ìró náà fún mi. Ó ṣì wà nínú àpótí mi, mo máa ń sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ṣì ń tì mí láti ró o.