Orúnkún Tó Kanlẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Yaba

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Yaba, ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, fi mí sí ẹgbẹ́ ijó bálẹ́ẹ̀ kan ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àǹtí kan tó kàwé lókè òkun ló ń kọ́ wa. Ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin yẹn mọ ijó, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Tí a bá jó tán, a máa ń ṣe révérence: a óò fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, a óò tẹ orúnkún díẹ̀, a óò tẹrí ba. Àǹtí ní èdè Faransé ni, ìbọ̀wọ̀ ló túmọ̀ sí. Ó ní ààfin ọba Faransé ni ijó náà ti gbilẹ̀, bí àwọn ìjòyè sì ṣe ń kí ọba wọn làwọn oníjó mú lò.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ jó fún àwọn òbí, ìyá ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú. Iwájú ni Àǹtí fi mí sí, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ láyé ju iwájú yẹn lọ. Bí ijó ṣe parí, mo gbójú sókè, mo rí Màmá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀. Ta ló ń kí ìyá ìyá rẹ̀ lóòró?

Àǹtí wọ́ mi lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. "Ìwọ ará oko yìí, ta ló ní kó o kúnlẹ̀? O ti ba ijó mi jẹ́. Má wá mọ́." Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mo kórìíra rẹ̀ dòní. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó wá lé ọmọdé torí pé ó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ ò rí nǹkan ìríra.

Láyé ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa lé ọmọ torí ìkúnlẹ̀, wọn kì í kúnlẹ̀ mọ́. Ọmọ ọmọ mi náà ń kọ́ bálẹ́ẹ̀ ní Surulere. Ó wọlé ní Sátidé tó kọjá, ó juwọ́ sí mi, ojú rẹ̀ wà lórí fóònù. "Grandma, báwo ni? Ẹ mọ révérence?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, kó ṣe é fún mi. Ó ṣe é, ó sì dára ju tiwa lọ. Inú mi ti fẹ́ máa dùn, àfi bí mo ṣe tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Dígí tó wà lẹ́yìn mi ló ń kí.