Ohùn Ẹni tó Jókòó ti Rédíò

Ẹgbẹ́ àwa tí à ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Ọjà'ba kò ní ìwé ìpàdé rí. Ta ni yóò kọ ọ́? Àwa díẹ̀ tí a mọ̀wé kò lè kọ ọ́ yára tó bí ẹnu àwọn tí kò mọ̀wé ṣe ń sáré. Rédíò onítéèpù la gbé sáàárín pálọ̀ ìyá ẹgbẹ́ ní Ọ̀rányàn, kó máa gba gbogbo ohun tí a bá sọ. Tí a bá tún pàdé, a ó kọ́kọ́ gbọ́ ti ìpàdé tó kọjá kí á tó la ẹnu sí ọ̀rọ̀ tuntun. Kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ohun tó sọ. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ojú tì í, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sọ èyí tó burú jù ú lọ.

Àbúrò mi obìnrin ló ń tọ́jú rédíò náà. Òun ló ń yí téèpù padà tí ojú kan bá kún, ibẹ̀ náà ló sì ń jókòó sí, ẹnu rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí rédíò fi ń gbọ́rọ̀. Kò dìde sọ̀rọ̀ nípàdé lẹ́ẹ̀kan rí. Abẹ́lẹ̀ ló ti ń sọ tirẹ̀. Obìnrin kan wà nínú wa tí àlàyé rẹ̀ kì í tán, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi á ní, "Ẹ bá a wá ìdérí." Á wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó máa ń ti imú bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Tí wọ́n bá gbé téèpù sí i nípàdé kejì, gbogbo ilé á tún rẹ́rìn-ín náà lẹ́ẹ̀kejì, títí kan obìnrin aláàlàyé.

Ibà ló mú un lọ, kò tiẹ̀ pẹ́ lórí ẹní. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ tó ṣì ń mu ọmú, èmi ni mo sì tọ́ ọ.

Ọmọ náà ti di ìyá ọmọ báyìí, Òkè Bọ́lá ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan ọmọ tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tó ti imú bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ tí mo tọ́ pé, "Ẹ̀rín ìyá rẹ rèé."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èmi ò gbọ́ ohùn wọn rí. Fọ́tò ni mo ní."

Mo sọ fún un pé ohùn ìyá rẹ̀ wà nínú àwọn páálí tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́, àti pé màá jẹ́ kó gbọ́ ọ. Rédíò yẹn ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó bìkítà fún téèpù mọ́. Àfìgbà tí òjò rí ihò lára páànù òrùlé tó sì rọ̀ sórí àwọn páálí náà ni ẹgbẹ́ tó ta jí. Wọ́n ní kí á kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Èmi tí mo máa ń tako ohun gbogbo, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ ló gbà á ṣe. Ó ní kí á sọ ọdún tí a gba ohùn sí téèpù kọ̀ọ̀kan, kó lè rọrùn láti wá. Ọdún wo la mọ̀? A ní èyí jẹ́ téèpù ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù ṣubú ní Mápó, ìyẹn sì ni ti ìgbà tí epo wọ́n. Ó ní ọdún wo ni epo wọ́n. Ẹnìkan ní, "Ọdún wo ni kò wọ́n?" Bí a ṣe sọ ọ́ ló ṣe tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà dòní. Ìyá ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè báyìí wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa yọ ariwo inú rẹ̀, kó má dójú tì wá bí àwọn ènìyàn ńlá bá gbọ́ ọ. Ó ní kí á fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ tó kó iṣẹ́ dé, ọmọ mi wá láti Òkè Bọ́lá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ṣí ti ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù ṣubú lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn ìyá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, tó ti di ará ọ̀run tipẹ́, jáde ketekete bí ẹni pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá kan ń nu ojú. Èmi ń dúró de ibi tí mo mọ̀. Obìnrin aláàlàyé bẹ̀rẹ̀, mo di ọwọ́ ọmọ mi mú. Ó sọ, ó sọ, ó dúró díẹ̀. Kò sí nǹkankan. Kò tiẹ̀ sí èémí. Lẹ́yìn náà ni ìyá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀:

"Ìwọ tó o wà nídìí rédíò yẹn, ṣé o ti parí?"

Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà dá a padà sẹ́yìn. Bákan náà ni. Mo bi í pé ohùn tó ṣáájú ìbáwí yẹn dà. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá, ṣé ẹ rí i bó ṣe mọ́? Ẹ̀rín, ikọ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, mo ti yọ gbogbo wọn kúrò nínú gbogbo téèpù."

Mo bèèrè èyí tí kò tíì fọ̀. Ó ní òun ti pa á rẹ́, ó ń gba àyè. Téèpù gan-an ńkọ́? Ó mú un jáde fún mi: omi òjò ti bà á jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà láti kọ, gbogbo àwọ̀ ara okùn rẹ̀ sì ti ṣí sínú ẹ̀rọ. Okùn náà mọ́ gaara bí èèpo àlùbọ́sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù.

Èébú tí mo fi ń lé oníbàárà tí kò fẹ́ rajà ti dé ètè mi, ṣùgbọ́n kò jáde. Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe. Àwa ará Ọjà'ba la bẹ ènìyàn pé kó bá wa yọ ariwo, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó bi í léèrè ohun tó ń pè ní ariwo.

Ọmọ mi fi ohùn kékeré bi mí pé, "Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ bá a wá ìdérí." Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ bí àbúrò mi ṣe ń sọ ọ́. Ohùn tèmi ló jáde, ohùn tí ìpolówó ọjà ti ha. Ó mi orí. Kò rẹ́rìn-ín, mi ò sì bá a wí; ọ̀rọ̀ náà kò dùn lẹ́nu mi.

Ó ní kí ọ̀gbẹ́ni náà fi ibẹ̀ sórí fóònù òun. Tí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá: obìnrin aláàlàyé á dákẹ́, ilé á pa rọ́rọ́, ìyá ẹgbẹ́ á wá bèèrè pé ṣé o ti parí. Ọmọ kékeré yẹn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Á dáhùn láti ibi tó ti ń ṣeré:

"Mo ti parí, mà."