Ẹ̀yìn Tó Gbé Maimunah

"Ìyá Ameerah, ta lo fẹ́ bá jìjàkadì?"

Mùsbáù, ọkọ Tàíbátù, ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2000, lẹ́yìnkùlé wa ní Enerhen, nígbà tó bá a níbi tó ti ń gbé irin. Ọ̀pá omi àlòkù ni irin náà. Agolo ọ̀dà kan wà ní orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Tàíbátù ló da kọnkéré kún inú wọn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Tàíbátù. Ó gbé irin náà pé ìgbà ogún, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èmi tí mo ń gbé yàrá kejì mọ ìdáhùn náà.

Lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí ìjà ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ tí ìbọn dún ládùúgbò wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Maimunah, tí rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ kan, kò lè sá. Tàíbátù pọ̀n ọ́n; eékún rẹ̀ yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ara Tàíbátù rọ̀ múlọ́múlọ́ nígbà náà, ara tí Mùsbáù máa ń yìn pé obìnrin gidi nìyẹn. Mùsbáù fúnra rẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n ìdì àǹkárá méjì tó ń tà ló gbé sí èjìká. Wọ́n fi Maimunah sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó padà bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo. Ó wo àbúrò rẹ̀.

"O jẹ mí ní gbèsè ẹ̀yìn kan," ló wí.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni Tàíbátù ń gbé irin. Apá rẹ̀ yọ iṣan. Àwọn obìnrin mọ́sáláṣí ní kó fi híjáàbù bo èjìká alábàárù yẹn. Ameerah ọmọ rẹ̀ pàápàá ní, "Mama, you wan turn Papa?"

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó bi Mùsbáù ohun tí èjìká tirẹ̀ wà fún.

Lọ́dún 2003, ìbọn tún dún. Mùsbáù ti di ìdì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò gbé Maimunah. Tàíbátù kúnlẹ̀, ó fi ìró méjì so ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó dìde. A jọ rìn ni. Ó gun afárá Udu, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, kò dúró títí a fi dé Ovwian, níbi tí ìbọn kò dé.

"O ti san án, àbúrò mi," ni Maimunah wí. "Sọ̀ mí kalẹ̀."

Mùsbáù gbé ìdì rẹ̀ sílẹ̀, ó nu òógùn, ó ní gbogbo àwọn ló gbìyànjú. Tàíbátù rọra sọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kalẹ̀.

"Gbèsè tèmi ni mo san, Bàbá Ameerah. Tiyín ṣì wà lọ́rùn yín."

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Mùsbáù kú. Kò san án.