Ìyàwó Tó Ń Sáré Lọ sí Òrò

Láti ọjọ́ tí Ọlárónkẹ́ ti wọ agbo ilé Ọláìyá ní Ọ̀mù-Àrán, kò sí ibi tí ó ń lọ tí wọn kì í béèrè. Wọn kì í fi ìkà béèrè. Bí ó bá mú korobá, ẹnìkan á ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pọnmi ni?" Bí ó bá dìde lásán, wọ́n á ní, "Ìyàwó, kí lo fẹ́ mú?" Lawrence ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ṣì ń ṣàn. Owó náà gbẹ, ilé iṣẹ́ ń dá ènìyàn dúró, Lawrence kò sì ránṣẹ́ pè é. "Èkó ò gba obìnrin báyìí," ni ó máa ń wí.

Eré sísá nìkan ni ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀. Lọ́dún yẹn, Kóòṣì Bùkárì ń wá àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ nínú máratọ́ọ̀nù l'Ékòó. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ sá ìdajì rẹ̀ láìdúró kò ní bá wọn lọ. Kóòṣì yan títì láti Ọ̀mù-Àrán lọ sí Òrò fún un. Òun yóò dúró dè é l'Órò pẹ̀lú aago, yóò sì fi alùpùpù tẹ̀lé e padà títí ìdajì náà yóò fi pé. Ará Ìlọrin ni kóòṣì. Kò mọ̀ pé Òrò ni ilé bàbá ọmọbìnrin náà. Ọlárónkẹ́ tí ó mọ̀, inú eré ni ọkàn rẹ̀ wà.

Ó sọ fún Màmá Helen, ìyá ọkọ rẹ̀, pé òun ń lọ sáré. Màmá ní ó dáa. Pápá ilé-ìwé ni Màmá rò pé ó ń lọ.

Àárọ̀ Sátidé, ó wọ ṣòkòtò kakí Lawrence, ó gbọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà kan dín eré ọkọ̀ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wọlé. Mi ò gbowó."

"Ẹ ṣé. Mò ń sáré ni."

"Mo rí i. Ta ló ń lé yín?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ kọjá. Títì dá páro. Kò sí ẹni tí ń bi í ní ohunkóhun mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́.

Bàbá Salaudeen, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, ń ti oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó rí ìyàwó ilé wọn láìwé gèlè, tí ó kọjú sí Òrò, tí ó ń sá. Ó fi kẹ̀kẹ́ dábùú ọ̀nà.

"Ìyàwó, kí la ṣe ọ́?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Eré ìje ni." Kò dúró, ó ń sá lójú kan.

"Àwọn tí ẹ jọ ń sá a dà?"

Kò sí ẹnìkankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Kóòṣì ń dúró dè mí l'Órò."

"Ọkùnrin tún ń dúró dè ọ́."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n kọjá. Mo máa padà."

"Bí ìyàwó mi àkọ́kọ́ ṣe wí náà nìyẹn."

Bàbá ṣí fìlà. Ó rọra kúnlẹ̀ sórí títì, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ún. "Bí a bá ṣẹ̀ ọ́, mo bẹ̀ ọ́. Má dójú tì wá."

Ọlárónkẹ́ wo àyè tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti koríko. Ó gba ènìyàn kan. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í dúró lé àgbà tó kúnlẹ̀ lórí, ká má tilẹ̀ sọ pé kó sá kọjá. Bí ó bá kọjá, ó kọ ilé ọkọ lóòótọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan títì.

Bàbá gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wálé. Màmá Helen sunkún, ó ń béèrè ohun tí òun fi ṣe é. Ọlárónkẹ́ ṣàlàyé títí. Àwọn àgbà ní àwọn ti gbọ́, kí ó ṣáà má bínú. Kóòṣì dúró l'Órò títí oòrùn fi mú, ó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí pápá ilé-ìwé. Màmá gbé àpótí tẹ̀lé e, ó jókòó sábẹ́ igi. Ọlárónkẹ́ ti pinnu pé òun yóò sá ìdajì náà pé, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò kà á. Ó ń yí pápá po, ó ń yí i po, títí òjìji igi fi kúrò lórí àpótí.

"Ìyàwó," Màmá pè é, "ṣé o ò tíì dé ni?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

Màmá sún àpótí rẹ̀ sí ibi tí òjìji wà.