Ìkòkò Ṣùkù Àgbàdo Tí Mo Ṣe fún Ìyá Ọkọ Mi

Ọdún kejì tí mo wọ ilé ọkọ ní Ìperu ni mo fọ́ ìkòkò tábà ìyá ọkọ mi. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni, kò ju ẹyin adìẹ lọ, ó ti dúdú bí ìdí ìṣasùn. Ojú fèrèsé yàrá wọn ni Màmá máa ń gbé e sí. Àkókò ọyẹ́ ni, mò ń nu eruku láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkísà ọwọ́ mi gbá ìkòkò náà, ó bọ́ sórí símẹ́ńtì, ó fọ́ sí mẹ́ta, ọ̀pá tí wọ́n fi ń fà á náà sì ṣẹ́.

Màmá wà lẹ́yìn ilé. Mo ṣa àfọ́kù jọ sínú ìwé ìròyìn, mo gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, mo ti ẹrù náà bọ àpò mi, mo sì wọ ọkọ̀ lọ. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mi ò mọ ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo padà dé, Màmá ní àwọn ń wá ìkòkò àwọn. Ẹ̀rù bà mí, mo ní bóyá adìẹ ló gbá a sílẹ̀.

Wọ́n wò mí títí. "Adìẹ yẹn mà gbọ́n o," ni wọ́n wí. "Ó fọ́ ìkòkò tán, ó tún gbálẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo kó àfọ́kù náà jáde. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ṣí ìwé ìròyìn náà wò, wọ́n sì pa á dé.

Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wálé. Nígbà tó gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi tábà sílẹ̀ nítorí àyà wọn. Ó ní Ọlọ́run ló bá òun fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Màmá kì í jẹun tán mọ́. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fi ọwọ́ kan pa ọwọ́ kejì bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́. Mo wá irú ìkòkò yẹn dé ọjà Ṣàgámù, wọ́n ní ìyá tó ń mọ ọ́n ti kú. Mo ra sìgá fún wọn. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ṣe ló dà bí ẹni ń mu ìwé.

Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, àgbẹ̀ tábà ni bàbá mi. Lóko wa, bí ẹnìkan nínú àwọn alágbàṣe bá gbàgbé ìkòkò rẹ̀ sílé, ṣùkù àgbàdo ló máa gbẹ́. Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ ara mi ṣe é rí. Mo wá ṣùkù gbígbẹ kan, mo gé e sí bí ìka mẹ́rin, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ inú rẹ̀, mo sì fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni mo tì bọ̀ ọ́ nítorí pé ó ti ní ihò nínú tẹ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá, inú mi ń dùn.

Ọ̀pá ìbẹ́pẹ náà rọ̀ bí ewé ilá, ó sì korò lẹ́nu wọn. Kí n tó gbà á, ìdí ṣùkù ti jóná, ẹyin iná já bọ́ sórí ìró wọn, ó lu ihò sí i. Mo sáré fi ọwọ́ pa á. Mo rò pé ariwo ló kù. Ẹ̀rín ni Màmá bú sí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "bí o bá fẹ́ sun mí, ṣe ni kí o sọ fún mi kí n bọ́ aṣọ."

Wọ́n fa àpótí ìjókòó wọn sún mọ́ tèmi. Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é. Wọ́n ní kí n má gbẹ́ ìdí rẹ̀ jìn. Wọ́n po eérú mọ́ amọ̀, wọ́n fi ìka rẹ́ ẹ sínú ṣùkù, wọ́n gbé e síbòji fún ọjọ́ mẹ́ta kó má baà là. Mo gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, mo ti irin agboòrùn tó ti bàjẹ́ bọná, mo fi lu oríkèé inú rẹ̀. A fi ìda oyin dí ibi tí ọ̀pá ti wọ inú ṣùkù. Eyín Màmá ò pọ̀ mọ́, ọ̀pá náà ń yọ̀ lẹ́nu wọn, mo bá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo wé e mọ́ ọn. Níkẹyìn, mo gé agolo mílíìkì ṣe ọmọrí kékeré, mo dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára kí iná má baà ta sí aṣọ mọ́, mo sì fi wáyà so ó mọ́ ọrùn ṣùkù.

Kí ó tó di ìgbà náà, bí Màmá bá ń sọ èdè Rẹ́mọ wọn, bí ìdajì ni mò ń gbọ́, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Nídìí iṣẹ́ yìí ni ìtìjú náà ti kúrò. Mò ń béèrè orúkọ gbogbo ohun tí a bá fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ Sátidé kejì, ọkọ mi wọlé bá èéfín. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé ṣé èmi olùkọ́ ni mo ṣe irú èyí. Mi ò tíì lanu tí Màmá fi dáhùn.

"Èmi ni mo ní kó ṣe é. Bí o bá ní ẹjọ́, èmi ni kí o bá rò ó."

Ó gba ìkòkò náà wò. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ọkùnrin tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ni. Nígbà tó pẹ́, ó ní ẹnu ọparun náà ṣì rí gbágungbàgun, ó lè ya wọ́n létè. Ó wá àfọ́kù ìgò, ó jókòó tì wá, ó fá a títí ó fi jọ̀lọ̀. Síbẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó bẹ Màmá pé kí wọ́n má fà á nínú ilé mọ́, wọ́n sì gbà. Abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n ti ń fà á láti ìgbà náà. Ìyá àgbà méjì ládùúgbò wá bẹ̀ mí pé kí n ṣe tiwọn, mo sì ṣe é.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo bí ọmọ wa àkọ́kọ́. Kò tíì rákòrò tí ikọ́ fi mú un. Dókítà tó wò ó ní Ṣàgámù bi mí pé ṣé ẹnìkan ń fa tábà nílé. Mo ní ẹnìkan ń fà á níta. Ó ní èéfín ń bá aṣọ wọlé. Mi ò lè dé ilé sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n bi mí ní ohun tí dókítà wí, wọ́n sì tẹjú mọ́ mi bíi ti ọjọ́ tí mo purọ́ mọ́ adìẹ. Mo sọ ọ́. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n pọ̀n ọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó tábà tó kù fún bàbá kan tó ń gbé ní ìkángun àdúgbò, àti ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Bí oṣù kan ni inú fi ń bí wọn sí gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sókè. Mo mọ̀ pé ohun tó dára ni wọ́n ṣe, síbẹ̀ àánú wọn ń ṣe mí, nítorí èmi gan-an ni mo tún fi ìkòkò náà lé wọn lọ́wọ́.

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí ọwọ́ wọn ò mọ ohun tó máa ṣe, wọ́n á pè mí pé kí n gbé àwo ẹ̀gúsí wá. A ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, a ó máa bó o, wọ́n á máa sọ bí wọ́n ṣe wọ ilé náà ní ìyàwó, àti ohun tí ìyá ọkọ tiwọn fi ojú wọn rí. Nígbà míì, ilẹ̀ á ti ṣú tán, a ò tíì rántí gbé ọbẹ̀ kaná.