Ìwé Ìlékúrò Delton Brayboy

Delton Brayboy kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọwọ́ rẹ̀ ló burú. Gbogbo wa ní Pembroke, ìlú kékeré wa, la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la sì ti ń sọ ọ́, torí ta ló fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹ̀? Ó fọ́ àbúrò rẹ̀ léyín méjì nítorí pé ọmọ náà ti ilẹ̀kùn mọ́tò gbàgà lójijì lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá ọkùnrin kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ojú ọkùnrin náà kò fi là. Bó bá ti ṣe é tán, á jókòó sílẹ̀, á máa wo ọwọ́ méjèèjì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yá a lò.

Kó tó lọ sójú ogun, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a jọ já ewé tábà lóko bàbá rẹ̀ mọ̀ pé kì í pa ejò pàápàá. Miss Ozelle, ìyá rẹ̀, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹlẹ́dẹ̀ ni Delton máa ń rántí pé òun ní iṣẹ́ ilé ìwé láti ṣe.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà. Wọ́n gbé e lọ sí Afghanistan, sí apá ibi tí oko èso àjàrà pọ̀ sí, oṣù mẹ́wàá ló sì lò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bú nítòsí rẹ̀. Èkíní gbé e lu ògiri. Èkejì dojú ọkọ̀ wọn dé. Ẹ̀kẹta ló gé ẹsẹ̀ méjèèjì Tomlin, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Delton fi bẹ́líìtì di itan kan, ó di èkejì, ó wá fi orúnkún tẹ abẹ́ ikùn Tomlin mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣe kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Tomlin bi í léèrè bóyá bàtà òun ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun. Delton ní ó wà. Tomlin kú kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé, Delton sì wà lórí rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, títí wọ́n fi fà á kúrò.

Etí rẹ̀ ń hó lọ́jọ́ yẹn, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ń bì. Kò lọ bá dókítà. Láàárín àwọn sójà, ẹni tó bá ń lọ bá dókítà, ọ̀lẹ ni. Ó nu imú, ó gbé ìbọn.

Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n kó wọn sínú gbọ̀ngàn ńlá kan, wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wọn. Ǹjẹ́ bọ́ǹbù bú nítòsí rẹ? Ǹjẹ́ o dákú rí? Ǹjẹ́ àlá burúkú ń dà ọ́ láàmú? Ǹjẹ́ ó ń ṣe ọ́ bíi pé kí o pa ara rẹ tàbí ẹlòmíràn? Rusk, sájẹ́ǹtì wọn, gun orí àga.

"Ẹ̀yin ọ̀bọ, ẹ tẹ́tí!" ó ní. "Ẹni tó bá kọ 'bẹ́ẹ̀ ni' síbì kankan, àwọn dókítà á dá a dúró síbí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó yín sì ń bẹ níta pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́ o! Ẹ mú bírò, kí ẹ fa 'bẹ́ẹ̀ kọ́' látòkè délẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Verlene, ìyàwó Delton, wà níta lóòótọ́, nínú aṣọ yẹ́lò tuntun. Ìṣẹ́jú méjì péré ni Delton fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò tíì fọwọ́ kan oògùn olóró rárá nígbà náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ló ti ba ayé ara rẹ̀ jẹ́.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ra oògùn ìrora lọ́wọ́ ẹnìkan nínú bárékè. Nígbà tí ìyẹn kò ràn án mọ́, ó fa kokéènì símú. Wọ́n ní kó wá tọ̀ sínú ike, wọ́n bá kokéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì, wọ́n sì lé e. Ìwé ìlékúrò tí wọ́n já fún un sọ pé kò fi ọlá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìlú wa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń yẹ́ àwọn sójà sí, pásítọ̀ á ní kí gbogbo ẹni tó jagun dìde, àwọn arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn á sì dìde. Delton á jókòó. Ìyá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, kò sì ní wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó jáwọ́ nínú kokéènì. Kò sẹ́ni tó bá a ṣe é. Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó bì, ó lágùn, ó jáwọ́. Ó ń kan pátákó mọ́ ògiri ilé onílé, iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin wa mọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò sinmi. Verlene máa ń sùn ní yàrá kejì, á sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Dókítà kan ya àwòrán orí Delton, ó ní ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbá, pé ó nílò ìtọ́jú gidi, pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn àwọn sójà. Wọ́n wo ìwé ìlékúrò rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ìtọ́jú kò tọ́ sí ẹni tí kò fi ọlá kúrò, kó máa lọ sílé.

Ohun tí ń bà á lẹ́rù kò pọ̀. Ó sọ ọ́ fún Ardith, lọ́yà àgbàlagbà kan tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ sójà.

"Mà, tí wọn ò bá tọ́jú orí yìí, màá pa ìyàwó mi."

Ardith kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin fún ẹ láti ní kí ìgbìmọ̀ tó ń tún ìwé ìlékúrò yẹ̀ wò gbọ́ ẹ. Ó ku oṣù mẹ́rin. Ìjọba ti ní kí wọ́n máa fojú àánú wo ẹni tó fi orí gba bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n wò ó." Ó fi ìka lu fọ́ọ̀mù tí Delton kọ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́sí. "Ìwọ fúnra ẹ kọ ọ́ pé kò sí bọ́ǹbù kankan tó bú nítòsí ẹ. Ta ló máa jẹ́rìí pé irọ́ ni?"

Delton wa mọ́tò lọ sí Fayetteville. Ibẹ̀ ni Rusk ti ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ó ti sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Brayboy! Àṣé o ṣì wà láyé!"

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo wa fa 'bẹ́ẹ̀ kọ́'. Ìlà méjì péré."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Rusk. "Ṣé èmi ni mo fa kokéènì sí ẹ nímú?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ogójì ọmọ ni mo kó lọ. Ṣé gbogbo wọn ló di afakokéènì? Gba ilé ẹ lọ. Tomlin gan-an ì bá tijú ẹ."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹ̀ṣẹ́ fi bà á. Delton gbá a lẹ́nu, ó gbá a nímú, ó gbé e lu bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan, gíláàsì iwájú sì fọ́ yángá. Ó rò pé ó ti tán. Rusk dìde bí akọ màlúù. Ó fi orí kan Delton níhà, egungun kan dún kẹ́kẹ́, àwọn méjèèjì ṣubú sórí òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n ń lura wọn láìsọ̀rọ̀. Rusk ti ìka bọ Delton lójú, Delton bu ìka náà jẹ títí ó fi tọ́ egungun wò. Àwọn oníbàárà ń sá. Nígbà tí agbára tán nínú wọn, wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń tu ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Èmi náà fa 'bẹ́ẹ̀ kọ́', Brayboy," Rusk ní. Ó ń sunkún. "Ìyàwó méjì ló ti sá fún mi. Tí mo bá kọ ọ́ fún ẹ, wọ́n á bi mí léèrè tèmi."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín."

"Rárá. Kúrò lórí ilẹ̀ mi."

Verlene ń jẹun nígbà tí Delton wọlé: àkàrà àgbàdo dídín méjì, ẹ̀fọ́ láàárín. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ara ọkọ rẹ̀, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó lọ mú omi gbígbóná wá.

"Kò kọ ọ́," Delton ní. "Ó ti parí."

Verlene nu ojú Delton. "Èmi máa jẹ́rìí," ó ní.

"Kí lo fẹ́ sọ? O ò sí níbẹ̀."

"Mo wà níbí."

Ọ́fíìsì Ardith ni wọ́n ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọ̀gá sójà márùn-ún, ìgbìmọ̀ náà, ló wà lójú rẹ̀. Miss Ozelle jókòó lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù náà dé ojú Delton. Ó ṣàlàyé, àlàyé rẹ̀ kò sì wọ̀ wọ́n létí. Lẹ́yìn náà obìnrin kan nínú wọn ní, "Ìyáàfin Brayboy, kí lẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

Verlene kò wo ọkọ rẹ̀. "Oṣù kẹfà tó dé láti ogun ni. Kò tíì mọ kokéènì. Mo ń sùn, ó gbé mi lulẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń pariwo Tomlin. Ó fa bẹ́líìtì mọ́ mi nítan títí awọ fi bó. Ó wá fi orúnkún tẹ̀ mí lábẹ́ ikùn, ó sì gbé gbogbo ara ẹ̀ lé e. Mo bù ú jẹ lọ́wọ́, mo ha á lójú, kò gbọ́. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má kú. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí mi."

Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

"Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi; ó bàjẹ́. Mo sọ fún gbogbo ayé pé mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Mo sọ fún òun náà. Ilẹ̀ ti mọ́ kó tó mọ ibi tó wà, kò sì rántí nǹkan kan."

Miss Ozelle ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Delton dìde. Ó jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó dojú kọ ògiri bíríkì ilé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Ó lù ú títí egungun ìka fi yọ jáde láti inú ẹran. Nígbà tí ọwọ́ kọ̀, ó fi iwájú orí lù ú. Verlene ló sáré wọ àárín ọkọ rẹ̀ àti ògiri.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ nígbà yẹn, ṣé wàá ṣì wà láàyè?"

Àwọn méjèèjì mọ ìdáhùn. Delton jókòó sílẹ̀ lórí koríko, ẹ̀jẹ̀ ń kán, Verlene sì jókòó tì í. Ìbínú Verlene kò kúrò, kò sì díbọ́n pé ó kúrò.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìwé tuntun dé. Wọ́n kọ ọlá sínú rẹ̀. Àlàyé ìgbìmọ̀ wà lójú ewé kejì: wọ́n gba ẹ̀rí ìyàwó gbọ́; wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́, ikùn, bẹ́líìtì àti oyún oṣù márùn-ún. Miss Ozelle ti ra férémù. Ó fẹ́ kí ojú ewé méjèèjì wà nínú rẹ̀, kí àlejò tó bá wọlé rí i.

"Mọ́mì, ẹ má gbé nǹkan yẹn kọ́ nínú ilé mi," Delton ní. "Ọmọ mi ni wọ́n fi rà á. Màá fi lọ sí ilé ìwòsàn, màá sì dáná sun ún."

Verlene jáde láti ilé ìdáná. Ó gba ìwé náà, ó ka ojú ewé kejì látòkè délẹ̀, ó sì gbé e lé ọwọ́ Delton tí egungun rẹ̀ kò tíì jinná tán.

"Gbé e kọ́," ó ní. "Ọmọ yẹn ò ní ibojì. Kò sí ìwé kankan láyé yìí tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó wà rí, àfi èyí. Gbé e kọ́ síbi tí màá ti máa rí i."

Delton lọ mú òòlù.