Ọmọ Méjì Tí Rélùwéè Já Sílẹ̀ ní Òṣòdì

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń rọ́ wọ Èkó, tí fàkítọ̀rì ń hù bí olú ní Ìsọlọ̀, ojoojúmọ́ ni èèyàn ń ti ilẹ̀ òkè wá. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sùn sí ní Òṣòdì, wọ́n á sì máa bá èèyàn ru ẹrù kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Télọ̀ ni ìyá mi. Tó bá lọ ra òwú, ó máa ń dúró bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mú ìkankan wálé rí, àfi ọ̀sán Sátidé kan.

Ó bá ọmọbìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ibùdó rélùwéè. Ọmọbìnrin náà kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Àbúrò rẹ̀ kò tíì tó ọmọ ilé ìwé. Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkìrun ni wọ́n ti wá. Ìyá wọn ti kú, mọ̀lẹ́bí kan sì fi wọ́n sínú ọkọ̀, ó ní bàbá wọn yóò máa dúró dè wọ́n ní Òṣòdì. Wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ilẹ̀ tún mọ́, kò sẹ́ni tó wá. Ọkùnrin kan ti ń sọ fún ọmọbìnrin náà pé òun níṣẹ́ fún un nígbà tí ìyá mi dé ibẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọmọ mi ni."

Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lójú ọ̀nà ó bi í pé, "Ṣé ẹ mọ bàbá wa ni, mà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. A máa wá a."

Nírọ̀lẹ́, gbogbo ayálégbé ilé wa ní Ìsọlọ̀ péjọ síta. Inú onílé wa kò dùn.

Ó ní, "Ìyá télọ̀, ẹ rora o. Tí ẹ bá gba méjì lónìí, mélòó lẹ máa gbà lọ́la? Yàrá kan ṣoṣo lẹ̀yin àtọkọ yín àtàwọn ọmọ ń gbé."

Obìnrin kan tó ń ta èédú ní òun á mú èyí obìnrin. Aládùúgbò mìíràn ní òun á mú èyí ọkùnrin. Ni ọmọbìnrin náà bá kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Nígbà tí ìyá wa ń kú lọ, èmi ló fa àbúrò mi lé lọ́wọ́. Mi ò lè jẹ́ kó sùn níbòmíràn."

Àbúrò rẹ̀ ti sùn lọ sí i lẹ́yìn. Onílé wo ọmọ náà títí, ó wọlé, ó sì gbé tìmùtìmù jáde.

Ó ní, "Pálọ̀ mi ni wọ́n máa sùn. Ní Mọ́ńdè, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàbá wọn."

Báyìí ni àdúgbò ṣe gbà wọ́n tọ́. Ìyá eléédú ń wẹ̀ wọ́n, ó sì ń dirun fún èyí ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi rán aṣọ ilé ìwé fún un, nítorí ìjọba ti sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, orí ìjókòó kan náà lèmi àti ẹ̀ sì jọ ń jókòó ní kíláàsì. Bàbá mi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fàkítọ̀rì tó ń hun aṣọ. Onílé gun alùpùpù fẹ́sípà rẹ̀ káàkiri ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, torí ọmọbìnrin náà ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni bàbá wọn ń ṣe, títí bíríkìlà kan fi sọ fún un pé iṣẹ́ ti gbé bàbá wọn lọ sí Kàdúná. Dírẹ́bà lọ́rì kan ládùúgbò wa ló bá wa jíṣẹ́ fún un.

Ó kù díẹ̀ kí Kérésìmesì dé ni bàbá wọn wọlé. Àwa ọmọ la rò pé ìyá mi máa bá a jà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn obìnrin.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìyá wọn ti kú," ló ń sọ. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ìyá mi jókòó tì í nílẹ̀ títí ó fi sunkún tán. Àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé ní Kàdúná, kò sì sáyè ọmọdé níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn kàwé ní Ìsọlọ̀. Ó gbà, ó sì ń wá wò wọ́n ní gbogbo ọdún.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin àdúgbò wa ti ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti lọ wo ibùdó rélùwéè bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò lẹ́ni, pàápàá ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń ti òkè bọ̀. Wọ́n wá ìbátan àwọn ọmọ mìíràn kàn, wọ́n fi àwọn kan sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fa àwọn mìíràn lé àgbàlagbà ìlú wọn lọ́wọ́ láti mú wọn padà sílé. A kò rí gbogbo wọn ràn lọ́wọ́. Àwọn kan sá kúrò lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì wa bá ń fọ́nnu nípa tẹlifíṣọ̀n tuntun tí bàbá wọn rà, èmi a máa fi àdúgbò wa fọ́nnu.

Ọmọbìnrin náà kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí, wọ́n ní kí àwọn òbí rẹ̀ dìde, gbogbo àwa ará àdúgbò tó kún ìjókòó la dìde. Bàbá rẹ̀ wà láàárín wa, ó ń rẹ́rìn-ín.